Ibo Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Sí?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ní Toronto ni pé mo kúnlẹ̀. Ọjọ́ kìíní iṣẹ́ mi ni, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Scarborough. Ọ̀gá wa, obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti hewú, nawọ́ sí mi pé ká bọ ara wa lọ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ kiri. Ó ní, "Did you drop something?" Mo ní rárá o, mò ń kí i ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí, àmọ́ ojú tì mí débi pé mo lọ jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò pẹ́ tí mo tún ṣe òmíràn. Wọ́n ní kí n máa gbé oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn arúgbó náà. Mo wojú gbogbo wọn, mo rí i pé Màmá Doris ló dàgbà jù, torí wọ́n ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo gbé tiwọn fún wọn lákọ̀ọ́kọ́, mo wá ń tò ó bọ̀ láti orí àgbà dé orí àbúrò. Àwọn tó jókòó sí tábìlì kìíní fárí gá, wọ́n ní àwọn ló kàn. Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nọ́ńbà tábìlì la fi ń gbé oúnjẹ níbí, a kì í fi ọjọ́ orí gbé e. Ó tún ní kí n yéé pe obìnrin náà ní Màmá, pé Doris ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mélòó kan rèé, ẹnu mi ò tíì gbà á. Tí kò bá ti sẹ́nì kankan nítòsí, Màmá ni mo ń pè wọ́n, wọ́n sì ń dáhùn.

Òtútù ni gbogbo èèyàn ń kìlọ̀ fún ni nípa rẹ̀ kéèyàn tó débí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù wà fún òtútù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé mo lè bá àwọn èèyàn kan náà wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ẹnì kan má bi mí pé ṣé mo jí ire. Nílé, bí mo bá sín, ojúlé mẹ́ta ló máa kí mi pẹ̀lẹ́. Níbí, mo ṣàìsàn ibà fún ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá abẹ́ ilé tí mo háyà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ kẹta, kì í ṣe nítorí ibà.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ni mo wá ṣe, Bàámi ni màá dárúkọ. Ògbufọ̀ ni wọ́n ní kóòtù n'Íbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí lọ́yà bá sọ Òyìnbó, Bàámi á sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Bí onítọ̀hún bá fèsì, Bàámi á dá a padà sí Òyìnbó. Iṣẹ́ náà kò gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un. Wọ́n máa ń sọ nílé pé, "Ẹnu mi ni gbogbo wọn fi ń rojọ́, wọn ò sì kọ orúkọ mi sínú ìwé ìdájọ́ rí." Wọ́n fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwa ọmọ wọn dúró lódìkejì tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi, Lukman, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Èmi àbígbẹ̀yìn ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, máàkì mi ò tó ti òfin, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ́ ìṣèlú. Síbẹ̀, Bàámi ò fi orúkọ mi pè mí mọ́. Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí. Àwọn aládùúgbò tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti ń gbé ẹjọ́ wá bá mi.

Ọdún kejì tí mo dé ibí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàámi. Ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ìdajì ẹnu. Ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, Ẹ̀gbọ́n Lukman ló wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ògbufọ̀ wá di ẹni tó ń wá ògbufọ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pè wọ́n. Ìyá mi á gbé fóònù sórí tábìlì ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà níwájú ilé, kí gbogbo wa lè gbọ́ ara wa. Aṣọ iléèwé ni wọ́n ń rán, Sọ́ńdè sì ni iṣẹ́ wọn ń pọ̀ jù, torí àwọn òbí fẹ́ gbà á kí Mọ́ńdè tó dé. Torí náà wọ́n kì í dá ẹ̀rọ dúró nítorí tèmi. A ó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á máa dún lọ. Tí a bá sọ̀rọ̀ tán, ó ku àdúà. Nílé wa, Bàámi ló ń ṣí àdúà. Lẹ́yìn wọn ni ìyá mi, lẹ́yìn ìyá mi ni Ẹ̀gbọ́n Lukman, èmi á sì máa ṣe àmín. Lẹ́yìn àìsàn náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré lè gba Bàámi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. A ó dúró. Ìyá mi á tẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ nígbà yẹn nìkan. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣáájú wọn.

Mọ́sálásí ni mo ti pàdé Uncle Kamoru. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní iléeṣẹ́ àwọn ọkọ̀ àjàgbé kan ní Woodbridge, àwọn ni wọ́n ń pín ọkọ̀ fún awakọ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ jáde, ta ni kò gbọdọ̀ kọjá bọ́dà, ọkọ̀ wo ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé èwo. Àwọn náà ti fẹ́ ṣe lọ́yà rí. Wọ́n ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin lẹ́ẹ̀mejì, apá ìwé kíkà gbé wọn lulẹ̀, wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n wọn ò lè pa géèmù inú rẹ̀ tì. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ṣe ń ta ayò, bẹ́ẹ̀ ni Uncle Kamoru ń yanjú géèmù nínú ọkọ̀ wọn tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí Bàámi gbọ́ pé èmi náà fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn, tí mo sì ti rí ẹni tó máa kọ́ mi, wọ́n ní dandan ni kí àwọn bá àgbà náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Lukman ló túmọ̀ rẹ̀: "Bàámi ní àwọn fi ọmọ àwọn lé yín lọ́wọ́, sà." Uncle Kamoru gbé fóònù sórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Ojú mi ló ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ géèmù yìí, bó ṣe rí nìyí. Wọ́n á ní èèyàn mẹ́fà fẹ́ rí dókítà lọ́jọ́ kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún ọ ní òfin bíi mẹ́rin: A gbọ́dọ̀ ṣáájú B; D kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé E; bí F bá jẹ́ ẹnì kẹta, A ló máa gbẹ̀yìn. Wọ́n á wá bi ọ́ pé ta ló lè kọ́kọ́ wọlé. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni wàá ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ohun tí wọ́n kọ nìkan ni òfin.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, a wà ní yàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí níbi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Géèmù ọjọ́ náà dá lórí ẹbí kan tó fẹ́ tò sórí ìlà láti ya fọ́tò: ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọkọ ọmọ náà, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ìbéèrè márùn-ún ló wà níbẹ̀, mo gba ẹyọ kan. Uncle Kamoru gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí.

"Àbúrò, kí ló dé tó o fagi lé option C?"

"Ọmọ yẹn ò lè wà níwájú, sà."

"Why not?"

"Ìyá àgbà ń bẹ níbẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Mo wo òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tún un wò. "Wọn ò kọ ọ́, sà."

"Ehen! O rí i? Ìwọ lo gbé e wá láti Ìbàdàn. Customs ò rí i nínú báàgì ẹ, o wá smuggle ẹ̀ wọ inú géèmù." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àbúrò mi, àgbà ò sí nínú nǹkan yìí. Truck ò mọ̀ pé driver kan ju ìkejì lọ. Ohun tó wà nínú sheet nìkan ni."

A kó gbogbo bébà mi àtẹ̀yìnwá jáde lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe kan náà ló kún inú wọn. Mo ti fi ọ̀gá ṣáájú ọmọọṣẹ́, mo ti fi tíṣà ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọn ò ti sọ fún mi pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fìdí rẹmi nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò òfin yìí, tí mo rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ gbogbo àṣìṣe mi sínú rẹ̀. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọ́ sí pé: kò sí níbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣe géèmù, àti nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ àwọn arúgbó mẹ́fà. Tí mo bá tún ṣi ẹyọ kan, gbólóhùn Uncle Kamoru á dún létí mi: ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ parí géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí aago tó dún, Uncle Kamoru ra dónọ́ọ̀tì méjìlá, a sì jẹ gbogbo rẹ̀, èmi àti àwọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé wọn yóò yọ géèmù kúrò nínú ìdánwò náà. Ìdánwò oṣù kẹfà ni yóò gbẹ̀yìn tí géèmù máa wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé kíkà àti àríyànjiyàn ló kù, ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó. Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́rìnlá kọ́, Sátidé kan ṣoṣo ló kù kó wúlò.

Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìdánwò náà, mo pe ilé. Ẹ̀gbọ́n Lukman ló gbé fóònù Bàámi. Wọ́n ní Bàámi ń sùn, ìlera wọn ti ń yá, pé oògùn ló ń mú wọn sùn. Ìyá mi kí mi. Ohùn wọn há. Wọ́n ní ọ̀fìnkìn ni. A sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wá kan àdúà. Mò ń retí kí ìyá mi ṣí i. Ẹ̀gbọ́n Lukman wú ikọ́, wọ́n ní, "Ọlọ́hun á tì ẹ́ lẹ́yìn," ìyá mi sì ṣe àmín.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àgbà ni wọ́n fo yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi, mo sì ti gbọ́n. Mo bi ara mi pé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ẹ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ ṣí àdúà? Èèyàn ò lè ṣàdúà fún àbúrò rẹ̀ ni? Mo dìde, mo lọ ṣe géèmù méjì, mo gba méjèèjì. Títí dòní, mi ò tíì dárí ji ara mi fún géèmù méjì yẹn.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bàámi ń sùn. Ọ̀fìnkìn ìyá mi ò tíì lọ. Ẹ̀gbọ́n Lukman tún ṣí àdúà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ni mo tó fetí sí ohun tí mi ò gbọ́. Ẹ̀rọ ò dún. Ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀rọ ìyá mi ò dún.

Ohun kan tún wà. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Uncle Kamoru ti ń wa ọkọ̀ láti Woodbridge wá gbé mi níbi iṣẹ́, àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́hun fún gbogbo wa. Ìyàwó wọn ń fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí mi. Ní ọjọ́ Àtàlátà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣi géèmù kan, mo fi bàbá ṣáájú ọmọ láìsí òfin. Uncle Kamoru wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa, Àbúrò. O ti gbìyànjú." Wọn ò bi mí ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, mo fa bébà kan yọ, mo sì tò ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. B ni bàbá, Ì ni ìyá, L ni ẹ̀gbọ́n, K ni àgbà tó wà níbí. Òfin kìíní: L kò gbọdọ̀ ṣí àdúà ṣáájú Ì, ìbáà ṣe orí ibùsùn ni B wà, àfi tí L bá ti di olórí ilé. Òfin kejì: Ì kì í pa ẹ̀rọ tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àfi tí wọn ò bá gbọdọ̀ jáde síta. Òfin kẹta: obìnrin tí kò gbọdọ̀ jáde síta ni ẹni tó ń ṣe opó. Òfin kẹrin: K kì í jẹ́ kí àṣìṣe kọjá, àfi tí àánú ẹni tó ṣe é bá ń ṣe wọ́n. L ti ṣí àdúà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. K ti jẹ́ kí àṣìṣe kọjá. Ta ni kò sí níbẹ̀?

Géèmù tó rọrùn jù tí mo ṣe rí nìyẹn. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí B lè wà.

Inú bí mi. Inú bí mi sí Ẹ̀gbọ́n Lukman, ó bí mi sí ìyá mi, ó bí mi sí Uncle Kamoru tó ń fún mi ní mọ́ínmọ́ín bí ẹni ń tan ọmọdé. Mo mọ àṣà wa. Mo mọ̀ pé a kì í fi fóònù tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó dá wà lókèèrè. A ó wá àgbà tó wà nítòsí rẹ̀, àwọn ni yóò mú un jókòó. Mo ti bá wọn ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Mi ò mọ̀ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ó ku ọ̀túnla ìdánwò, mo gbé bébà náà fún Uncle Kamoru ní yàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí.

"Uncle, ẹ bá mi wo géèmù yìí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kíákíá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bírò wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé òfin kẹta, wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún sí ẹ̀wù wọn, wọn ò tètè wọ̀ ọ́ padà.

"Àbúrò," wọ́n ní, "òfin first yìí… ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, sà."

Wọ́n la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo yára gba bébà náà, mo ká a pọ̀.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé."

Wọ́n wọ gíláàsì wọn padà. "You're sure?"

"Àwọn ará ilé ti ṣe wàhálà jù, sà. Màámi ti ń gbé ohùn pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ kó já sí asán."

Uncle Kamoru nu ojú wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Wọ́n ní kí n mú géèmù mìíràn, a sì ṣe mẹ́ta kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Ọjọ́ Jímọ̀, mo pe ìyá mi. Mo ní ọ̀la ni, kí wọ́n bá mi bẹ Ọlọ́hun. Wọ́n ní wọn ò dákẹ́. Ó yẹ kí n fi fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà.

"Màámi, ẹ bá mi kí Bàámi."

Mo gbọ́ mímí wọn.

"Wọ́n á gbọ́, ọmọ mi," ni wọ́n sọ.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ mi yá. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Géèmù kìíní jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ kọrin, ìkejì ti àwọn àpótí. Ìkẹta jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Mo fi èyí tó kéré jù síwájú gbogbo wọn, ọkàn mi ò sì ṣiyèméjì. Mo parí ó ku ìṣẹ́jú méjì. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo aago, mo sì mọ̀ pé tí aago yẹn bá ti dún, bàbá mi á kú.

Uncle Kamoru, ìyàwó wọn àti igbákejì Lèmọ́mù ló dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Èèyàn mẹ́ta kì í pa iṣẹ́ Sátidé tì láti wá gbé ẹni tó lè wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n bi mí pé ìdánwò ńkọ́, mo ní ó dáa. A wọkọ̀, a lọ sí ilé Uncle Kamoru. Wọ́n fi mí sáàárín, ìyàwó wọn di ọwọ́ mi mú. Igbákejì Lèmọ́mù ló sọ ọ́, pé Bàbá ti jẹ́ ìpè Ọlọ́hun, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ṣe fídáù.

Uncle Kamoru ní, "Bàbá fúnra wọn ló ní ká dúró. Lukman pè mí. Ó ní Bàbá sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ, pé Lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ̀wé ẹ̀ tán. Ó ní òun kàn ń túmọ̀ ni, òun ò fi tòun kún un."

Mo ké. Mo sunkún títí tí aládùúgbò wọn, òyìnbó, fi wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí máa ń bi mí pé, ṣebí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Orí bébà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́nu èèyàn, láàárín èèyàn, tí wọ́n di mí mú, ọjọ́ yẹn ni bàbá mi kú fún mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo padà, Màmá Doris bi mí pé ibo ni mo wà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni bàbá náà. Mo ní méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n mi orí wọn, wọ́n ní, "Oh dear. Just a boy." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn, mo fi orí lé ẹsẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí pé kí ni mò ń wá nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Nínú gbogbo ìbéèrè géèmù, ẹyọ kan ni mo ṣì. Máàkì mi tó láti wọlé. Mo wà ní ibùdókọ̀ nígbà tí mo rí i, òjò ń rọ̀. Ìka mi ti tẹ nọ́ńbà Bàámi kí n tó rántí, torí nílé wa, àgbà la ń kọ́kọ́ ròyìn fún. Mo fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ṣé Màámi wà níbẹ̀?"

"A wà níbí. Kí ló dé?"

"Mo yege."

Ìyá mi pariwo, wọ́n sì bú sẹ́kún nínú ariwo náà. Wọ́n ṣì wà nínú opó. Ẹ̀rọ ò dún. Nígbà tí ìyá mi dákẹ́, gbogbo wa dákẹ́, mo sì mọ ohun tí a ń dúró dè. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó ṣílẹ̀kùn, mo mi orí fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ ṣàdúà. Ẹ̀yin ló kàn."